Agbẹ́jọ́ Tí Kò Gbọ́rọ̀

Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àrá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ló fún un lórúkọ náà, nítorí ẹ̀rọ tó fi ń fọ́ kọnkéré. Bó bá ti gbé ẹ̀rọ náà lélẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, fèrèsé ilé kejì á máa gbọ̀n, eyín àwọn tó ń kọjá lọ á máa lu ara wọn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì fi ohunkóhun dí etí rí. Bó bá rí òṣìṣẹ́ tuntun tó ń fi ìka méjèèjì dí etí, ńṣe ni yóò fi í rẹ́rìn-ín.

"Etí ọmọ ọwọ́ lo gbé wá síbí," ni yóò wí. "Temi ti gbó. Ariwo ti bà á tì."

Lóòótọ́ ni ariwo ti ṣe etí náà ní nǹkan, àmọ́ kì í ṣe ohun tí Àrá rò.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àbígbẹ̀yìn wọn ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tẹlifíṣọ̀n wọn a máa ké débi pé bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ta tirẹ̀. Ó ní kí lòun tún ń fi ṣe, nígbà tí gbogbo ìròyìn ń gba orí àjà bá òun? Bí Àrá bá sì fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, obìnrin náà á kọ́kọ́ lọ ti fèrèsé.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Ó máa ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu bó bá ń ṣiṣẹ́, orí abẹ́rẹ́ wọ̀nyí sì ni Àrá di gbogbo ẹ̀bi rù.

"Yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu kó o tó bá mi sọ̀rọ̀."

"Kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu mi, Bàbá wọn."

"Kí lo wí?"

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀. Bọ́ọ̀lù lọ ba dígí gíga táwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ lára, dígí sì fọ́ yángáyángá. Bí Àrá ṣe ń wọlé bọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí ọmọ náà: "Ẹ wò ó! Ó ti fọ́ ọ!"

Ohun tí Àrá gbọ́ ni "ó ti kọ́ ọ." Ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń bá ìsọdipúpọ̀ oníméje jìjàkadì tí kò wọ̀ ọ́ lórí. Bàbá gbé ọmọ sókè fáú. "Ó ti kọ́ ọ! Ṣé mi ò sọ? Ọpọlọ mi ló gbé! Ọmọ mi, o káre!" Ọmọ ò jiyàn. Bí wọ́n bá ń yin èèyàn, ta ni yóò ní kí wọ́n dúró? Àrá jó yí pálọ̀ ká pẹ̀lú rẹ̀ títí tí bàtà rẹ̀ fi tẹ orí àfọ́kù, ó wolẹ̀, ó ní, "Háà. Ta ló fọ́ dígí?"

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀ ló tẹ̀lé e. Ní ìrọ̀lẹ́, bílé bá ti pa rọ́rọ́, Àrá á máa gbọ́ ìrẹ̀ kan tó ń dún wíìn láìsinmi. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé máṣíìnì ìránṣọ kúrò láàyè rẹ̀. Ó fín oògùn kòkòrò títí ìyàwó rẹ̀ fi ń sín.

"Àbí o ò gbọ́ ọ ni?"

"Mi ò gbọ́ ìrẹ̀ kankan."

Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é. Ó sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ó jọ pé etí ìyá àwọn ọmọ òun ti ń kú lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi í sádùúrà.

Ìpàdé àdúgbò lọ̀rọ̀ ti wá bọ́ sóde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni alága ìpàdé náà, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀yìn pátápátá ni Àrá jókòó sí. Báwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá mi orí, á mi tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ òun, alága sì ń bi òun ní nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà pàtẹ́wọ́.

Ẹnu oníbàárà kan ni ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì: wọ́n ti fi ọkọ rẹ̀ ṣe agbẹ́jọ́ àdúgbò. Ẹni tó bá ní aáwọ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ọ̀dọ̀ Àrá ni kó gbé e lọ. Alága ní àwọn wo àdúgbò yíká, àwọn ò rí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fara balẹ̀ tẹ́tí sí èèyàn bíi tirẹ̀, pé kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu láé.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ní kó máa gbọ́ ẹjọ́?" Ó rọra yọ abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu kó má baà gbé wọn mì. "Ẹ̀yin?"

Ibẹ̀ ni Àrá ti mọ ohun tó fọwọ́ sí. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. "Wọ́n mọ ẹni iyì ni," ló fi dá a lóhùn.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì àti káfíńtà kan jọ ń lo ojú ọ̀nà kan. Obìnrin náà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní pákó káfíńtà ti dí ẹnu ọ̀nà òun pa, ṣé kóun máa kó wọn síta? Àrá gbọ́ "pákó," ó gbọ́ "ọ̀nà," ó fi orí ara rẹ̀ parí ìyókù. "Ó dára bẹ́ẹ̀," ló wí. Káfíńtà náà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òjò ń ba pákó òun jẹ́, ṣé kóun máa kó ìyókù wọlé? "Ó dára bẹ́ẹ̀."

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn ò sọ ohun tí a ó pe ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnì kankan kó tó dá a.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí obìnrin ṣe ń wọ́ pákó síta ni káfíńtà ń kó òmíràn wọlé. Wọ́n kọlu ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Àrá ló ní kí n ṣe é!" "Àrá wo? Èmi ló sọ fún!" Bí wọ́n ṣe gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá nìyẹn, àwọn òǹwòran mẹ́fà tẹ̀lé wọn.

Àrá jókòó, ó kọjú sí káfíńtà tó ń ṣàlàyé, ó ń mi orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ dúró sí. Ó ti ń fura tipẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ló rí i kedere pé ẹnu onítọ̀hún ni ojú ọkọ òun ń tẹ̀ lé, bí ẹni ń ka ìwé. Ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó wá fi ohùn tí a fi ń pe ọmọ wá jẹun sọ ọ́ pé, "Bàbá wọn, ilé ń jó."

Àrá kò yíjú. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí káfíńtà, ó ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ilé ń jó o."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Káfíńtà sọ ojú kalẹ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, a ó parí ẹ̀ láàárín ara wa." Wọ́n sì parí ẹ̀ kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀, ó sọ ohun tó ṣe fún un. Àrá kọ́kọ́ bínú. "Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́."

"Òótọ́ ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, ara á bó."

Oṣù méjì ṣáájú ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó gba Àrá síṣẹ́ ti mú obìnrin kan wá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ẹnikẹ́ni ò fara pa. Àǹtí Etí làwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ó pín kóró fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí fún gbogbo wọn. Ẹnìkan fi tirẹ̀ dí ìgò omi tó ń jò. Kò-kàn-mí, ọ̀rẹ́ Àrá tí wọ́n jọ ń fọ́ kọnkéré, so tirẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Àrá ní kó gbé tòun fáwọn tí etí wọn ò tíì gbó.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó yọ́ lọ bá Àǹtí Etí lẹ́yìn ọ́fíìsì.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo sáìtì yíjú. Wúyẹ́wúyẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. "Kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́."

Obìnrin náà kọjú sí i dáadáa. "Ọ̀rẹ́ yín yìí, Bàbá, ṣé ó máa ń gbọ́ ohun tó ń dún wíìn bí gbogbo ibi bá dákẹ́?"

"Ìrẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ ibùsùn ló wà."

"Abẹ́ ibùsùn ọ̀rẹ́ yín? Ẹ rí i níbẹ̀?"

"Mi ò tíì rí i," ló wí. "Ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń wá a."

Àǹtí Etí mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Wọ́n fi í sínú yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ nípọn bíi mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi ohun ìgbọ́hùn bo etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnì nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó. Àrá tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń jáde bọ̀, ó gbé àyà bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

"Bàbá," ni dókítà tó yẹ ẹ́ wò wí, "èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn, mi ò tíì fi ohùn kankan sí i. Etí yín fúnra rẹ̀ ló ń dún wíìn."

Ó fi ìlà kan hàn án lórí ìwé. Ohùn tó bá wúwo, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù, Àrá ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn ohùn tín-ín-rín, àwọn tó ń ya "fọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "kọ́," níbẹ̀ ni ìlà náà ti já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí àkàbà.

"Oògùn wo ni kí n lò?"

"Kò sí, Bàbá. Àwọn irun kéékèèké kan ló ń bá wa gbọ́ ohùn nínú etí lọ́hùn-ún. Ariwo ti tẹ̀ wọ́n pa. Wọn kì í hù padà bíi ti orí."

Àrá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá. "Ti orí náà ò hù padà."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Àrá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Kí ló dé tí kò dùn mí?"

"Kì í dunni. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kù ò kéré, ẹ sì lè ṣọ́ ọ."

Nígbà tó ń padà lọ sílé, Àrá gbìyànjú láti rántí ohùn ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tó bá ń kọrin nínú yàrá. Bí ẹnu ọmọ náà ṣe ń ṣí ló rántí. Ohùn náà kò wá.

Ó lọ bá alága pé kó gba oyè agbẹ́jọ́ padà lọ́wọ́ òun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa là á mọ́lẹ̀ fẹ́nì kan pé òun ò gbọ́rọ̀ dáadáa. Alága sún àga rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbé ohùn sókè. Ó ní kó má fi í sílẹ̀; kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ wá lójúmọmọ, kó kọjú sí Àrá, kó rọra sọ̀rọ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní òun á máa jókòó tì í, kó má tún lọ fọwọ́ sí ohun tí kò gbọ́.

Níbi iṣẹ́, nǹkan yí padà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ ìfọ́kọnkéré lọ sẹ́yìn ògiri, kí ariwo rẹ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Bí ẹnìkan bá ti fọ́ kọnkéré fún wákàtí kan, ẹlòmíràn á gbà á. Àrá a máa fọ ọwọ́, á yí kóró fóòmù láàárín ìka títí á fi tín-ín-rín, á gba orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, á kì í bọ̀ ọ́, á sì fi ìka dì í mú títí á fi wú. Ó tún fi ìbòtí ńlá lé e.

Kò-kàn-mí nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. "Èmi ń gbọ́ ohun gbogbo."

"Ó dáa." Àrá ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó dúró síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè kan èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ, wọ́n sì pa ẹ̀rọ. "Kí ni mo sọ?"

"O ní... o ní kí n fi í sétí."

"Mo ní bó o bá gbọ́ mi, èmi ni n ó ra oúnjẹ ọ̀sán rẹ lónìí." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Àǹtí Etí ní ibi tí a bá ti gbọ́dọ̀ pariwo kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó gbọ́, etí ti ń kú níbẹ̀."

Kò-kàn-mí yọ fóòmù kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Àǹtí Etí gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ó jù ú nù, ó fún un ní tuntun.

Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n tún yẹ etí Àrá wò. Ìlà ọdún yẹn àti ti èṣí dọ́gba. Kò tún já wálẹ̀. Inú ilé-iṣẹ́ dùn débi pé wọ́n ní kó máa lọ sí àwọn sáìtì wọn yòókù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kó máa fi bí wọ́n ṣe ń kì í bọ etí han àwọn èèyàn. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, láti orí ọdún tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni yóò ti mú un, yóò sì sọ ọ́ dé ọjọ́ òní, ohùn rẹ̀ yóò sì máa lọ já títì. Wọ́n ní kò sí sáìtì tí wọ́n ti ń pa òfin etí mọ́ tó ibi tí Àrá bá dé. Àwọn òṣìṣẹ́ kan sọ pé kò sí ìdí mìíràn ju pé báwọn bá ti kì í bọ etí, àwọn ò lè yọ ọ́ àfi ìgbà tí Àrá bá sọ̀rọ̀ tán.