Jíìpù Màmá Àyọ̀kẹ́ àti Omi Campama

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Àyọ̀kẹ́, ẹ sọ fún un pé jíìpù rẹ̀ ti darúgbó. Ẹ lè sọ pé òun fúnra rẹ̀ ti darúgbó, ẹ̀rín ni yóò fi dá yín lóhùn, nítorí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ewú sì ti bo orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíìpù yẹn kò ṣe é fẹnu kàn. Oyèkànmí ọkọ rẹ̀ ló rà á nígbà tó ń wọn ilẹ̀ kiri lápá òkè odò, òun náà ló sì kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí a ṣe ń wakọ̀ nínú iyanrìn. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, Banjul, ìlú etíkun tí iṣẹ́ gbé wọn dé láti ilẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n sin ín sí. Àyọ̀kẹ́ nu omijé nù, ó sì ń wa ọkọ̀ náà lọ.

Yàrá méjì ló ní nínú ọgbà ilé kan ní àdúgbò Portuguese Town. Láàárọ̀, kò ní tíì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tán tí àwọn ọmọ iléèwé inú ọgbà yóò ti rọ́ wọ ẹ̀yìn. Ìyá arúgbó tó ń lọ gba oògùn ojú yóò jókòó síwájú. Obìnrin ẹlẹ́ja kan yóò gbé ọpọ́n rẹ̀ lé ẹsẹ̀, òórùn ẹja yóò sì bá gbogbo wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ má bi Àyọ̀kẹ́ bóyá ó ń gbé èrò o. Lójú tirẹ̀, èrò kọ́ ni wọ́n. Ọ̀nà wọn ló kàn pa pọ̀ mọ́ tòun. Irú ọ̀nà wo ló ń pa pọ̀ mọ́ ti gbogbo àdúgbò lójoojúmọ́? Èmi ò mọ̀, n ò sì ní bi í.

Ohun tó kó ìdààmú bá a lọ́dún 2009 ni pé ìdí ọkọ̀ náà ti ń wọ́lẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ ti gbó. Àdúgbò Campama kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ojú ọ̀nà á di odò, tí takisí kankan kò ní yà síbẹ̀ mọ́. Níbẹ̀ ni Naffie ń gbé. Àyọ̀kẹ́ ló kọ́ Naffie ní ìwé kíkà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní báyìí ó ti délé ọkọ, oyún sì ti dúró sí i lára lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti ń retí. Oṣù kẹjọ ọdún ni yóò bí, nígbà tí omi máa ń pọ̀ jù. Àyọ̀kẹ́ ti ṣèlérí fún un pé, "Ọjọ́ tó bá kàn ọ́, èmi ni n ó gbé ọ dé ọsibítù. Má fòyà." Bí ẹ bá mọ Àyọ̀kẹ́, ẹ mọ̀ pé kì í jẹ gbèsè ọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ga sókè kí òjò tó dé.

Alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ bá mẹkáníìkì ni Bólúwatifẹ́ ọmọ rẹ̀ pè é láti Ìbàdàn.

"Màmá, ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀? Bàbá ti lọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jí, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń sùn. Tí ọdún bá ku dẹ̀dẹ̀, n ó wá kó yín. Ẹ kàn fún mi lésì."

"N ó rò ó, ọmọ mi," ni Àyọ̀kẹ́ wí. Kò rí oorun sùn. Ẹ̀yin nìkan, ẹ̀yin nìkan: ọ̀rọ̀ náà dúró sí i láyà bí eegun ẹja.

Ojú rẹ̀ ṣì wú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Tijan mẹkáníìkì ní Kanifing. Ọmọ Aku ni Tijan, ìran àwọn ẹrú tí a dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Freetown wá.

"Kushe, Mama!" ló fi kí i. Ìkíni yìí máa ń dùn mọ́ Àyọ̀kẹ́ nínú, nítorí ó jọ "ẹ kú iṣẹ́" létí rẹ̀.

Tijan tẹ́ àwọn irin náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi èyí tó ń gbé ọkọ̀ sókè ní íǹṣì mẹ́rin hàn án, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ olówó fi ń yangàn létíkun.

"Ṣé kí n máa fi àkàbà gun ọkọ̀ ni?" Àyọ̀kẹ́ bi í. "Aboyún ni mo fẹ́ gbé, Tijan, n ò gbé ọ̀bọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fẹnu kò sórí íǹṣì méjì. Ni Tijan bá gbé sípíríǹgì oríṣi méjì síwájú rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan, Mama. Gíga nìkan kọ́ là ń yàn. Èyí rọ̀, ti ẹni tó ń dá wakọ̀ rẹ̀ ni. Tí èèyàn bá pọ̀ lórí ẹ̀, á jókòó padà. Èyí le, ti ẹni tó ń gbẹ́rù nígbà gbogbo ni. Bí ẹ bá di ẹrù lé e, á dúró digbí. Bí ẹ bá sì dá wà nínú ọkọ̀, á máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Ta ló máa ń wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Èmi nìkan ni," Àyọ̀kẹ́ dáhùn. "Opó ni mí."

Tijan, tí òun náà ti wọ jíìpù yẹn láìmọye ìgbà, wo ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ẹni tó ní opó ni òun, ta ni yóò bá a jiyàn? Ó de èyí tó rọ̀ mọ́ ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà dìde bí ọmọge tó wọ bàtà gogoro. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, inú Àyọ̀kẹ́ sì dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, lábẹ́ òjò, ni wọ́n pè é pé Naffie ti ń rọbí. Àyọ̀kẹ́ já wọ Campama, ó la omi náà já bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé ẹ̀kọ, ó tilẹ̀ ń kọrin. Naffie jáde. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ẹrù ìkókó tẹ̀ lé ìyá. Àǹtí kan tó kàn yà kí wọn wọlé, àti ọkùnrin kan tó ní òun mọ ẹnìkan ní ọsibítù. Aládùúgbò kan gbé omi gbígbóná wọlé nínú fúláàsì. Ní Banjul, ta ló ń jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dá lọ bímọ? Àyọ̀kẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó sọ̀ kalẹ̀, kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Sípíríǹgì náà jókòó. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀nà, omi ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú.

Naffie di èjìká Àyọ̀kẹ́ mú láti ẹ̀yìn. "Yaay, ìyá mi, ẹ ṣèlérí."

Àyọ̀kẹ́ ń yí kọ́kọ́rọ́, ó tún ń yí i. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́. Àwọn ọkùnrin Campama ló ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n sì ti ọkọ̀ náà dé orí ilẹ̀ gbígbẹ, níbi tí takisí ti gba Naffie. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ó bí ọmọkùnrin, tìyá tọmọ sì wà láàyè. Àyọ̀kẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, aṣọ rẹ̀ ń kán tótó, ó ń sunkún ayọ̀, ó ń sunkún ìtìjú. Kì í ṣe omi ló já a kulẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ tó sọ pé "Èmi nìkan ni" ló já a kulẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ Tijan. "Yọ eléyìí. Fún mi ní èyí tó le."

"Á máa gbọ̀n yín o, Mama, bí ẹ bá dá wà nínú ẹ̀."

"Kó máa gbọ̀n mí."

Ó sì gbọ̀n ọ́n lóòótọ́! Láti Kanifing ni jíìpù òfìfo náà ti ń ta á sókè, tó ń jù ú sílẹ̀. Gèlè rẹ̀ tú. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń fi ìjókòó tó ṣófo lẹ́yìn rẹ̀ hàn án, ìbàdí rẹ̀ sì ń gbọ́ ọ. Àárò Oyèkànmí sọ ọ́ débi pé ó pariwo orúkọ rẹ̀ sókè nínú ọkọ̀.

Nígbà tó dé Mile Two, àwọn obìnrin kan dúró lẹ́bàá títì nínú oòrùn pẹ̀lú abọ́ òfìfo lọ́wọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún èèyàn wọn nínú ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n ń wá ọkọ̀ padà sí ìlú. Àyọ̀kẹ́ tẹ bíréèkì. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ẹ sún mọ́ra!" Wọ́n wọlé, wọ́n tún pe àwọn mìíràn. Ẹni tó jókòó síwájú ní Isatou lòun ń jẹ́. Bí ẹni ìkẹyìn ti jókòó báyìí, tí Àyọ̀kẹ́ tún gbéra, jíìpù náà kò ta mọ́, kò sì jókòó. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó dúró digbí. Inú Àyọ̀kẹ́ dùn gan-an ni.

Fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì, Isatou bá a gbé e, ó tẹ́tí sílẹ̀ láàárín ariwo àwọn tó wà lẹ́yìn.

"Yaay, Bólú ọmọ yín lẹni tó ń pè. Mo sọ fún un pé ẹ̀ ń wakọ̀. Ó ní ṣé ẹ̀yin nìkan ni."

"Sọ fún un," ni Àyọ̀kẹ́ wí, "pé ọkọ̀ ti kún."