Lékeléke Ẹ̀yìn Pátákó Ìjọ

Tísà Olútáyọ̀ ò fẹnu kan ọtí rí. Ṣùgbọ́n ẹ wọ pálọ̀ rẹ̀ ní Egan, ẹ ó rò pé ilé ọtí lẹ já sí: pátákó bíà àtijọ́ lára ògiri, tíréè bíà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ópúnà ìgò tó ti dípẹtà. Bí ilé iṣẹ́ ọtí bá ti kógbá sílé, ìgbà yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Adéọlá ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnu ti rẹ̀ ẹ́. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i?

Ọ̀kan ló kù tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: pátákó onírin ti Bíà Lékeléke. Ó ti wá a dé Ṣáṣá, ó wá a lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù, òfo ni.

Àfi láàárọ̀ Sátidé kan, lójú ọ̀nà Ìpájà. Òjò ti tẹ òpó pátákó ìjọ kékeré kan, pátákó náà sì ti yà kúrò lára fẹ́ǹsì. Láti inú kẹ̀kẹ́ márúwá ni Tísà ti rí ẹ̀yìn rẹ̀: ẹsẹ̀ ẹyẹ funfun kan lórí ìgò.

"Ó wà! Ó wà o, jàre!" Kẹ̀kẹ́ ò tíì dúró tán tó ti bọ́ sílẹ̀. Ó gbàgbé búrẹ́dì rẹ̀ síbẹ̀.

Ìyá Cecilia, tó dá ìjọ náà sílẹ̀, ń gbá omi òjò kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ o. Mo fẹ́ ṣe pátákó tuntun fún ìjọ yín, kí ẹ fún mi ní ti àtijọ́."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, bàbá?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Bí ìyá náà bá gbọ́ tó sì fẹ́ fọ́ ọ, kó fọ́ ọ. "Ẹ má bínú, mà. Bíà ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá náà ò pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ó rọra gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Mo mọ̀. Èmi ni mo yí i pa dà."

Ibẹ̀ yẹn ló ti ń ta bíà tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ilé iṣẹ́ ọtí, ló gbé pátákó náà wá fún un, ọkọ náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ kú, tí ìyá náà sì gba Jésù, àwọn ará dáná sun gbogbo ẹrù ilé ọtí. Iná jó àga, ó jó tábìlì, kò jẹ irin. Ló bá ní pátákó ṣáà ni pátákó, ó kọ orúkọ ìjọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tíì fojú kan ẹyẹ yẹn láti ìgbà náà.

Àwọn méjèèjì jọ yí i. Yéè! Oòrùn ò kàn án rárá, pupa rẹ̀ ṣì ń dán, lékeléke funfun báláú.

"Ó pé! Kò bó níbì kankan!" Tísà fò sókè nínú ẹrẹ̀ bí ọmọdé. Ìgbà tó wẹ̀yìn ló rí i tí ìyá náà ń fi etí ìró nu ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ayọ̀ rẹ̀ rọlẹ̀. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Mọ́mì, tiyín ni. Ẹ jẹ́ ká dá a pa dà."

"Rárá o, ẹ gbé e lọ. Tí mo bá kọ́ ọ síta, àwọn ọmọ ìjọ á ní mo ti pa dà sẹ́yìn. Ẹ bá mi kọ́ ọ sílé yín." Ó gbójú sókè. "Ṣé mo lè máa wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn?"

Láti ọjọ́ tí Tísà ti ń kó ẹrù bíà jọ, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ rí pé òun fẹ́ wá wò wọ́n.

"Mọ́mì, àga yín á ti wà níwájú ẹ̀."