Ìjókòó Awakọ̀ Tí Kò Sún

Ọkọ̀ náà pupa, ó kéré, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan lábẹ́ ibùsùn. Kútọnu ni ọkọ mi ti rà á, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ìgbà tí owó epo ń ṣàn ni. Ilé iṣẹ́ tó ń la títì márosẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ọkọ̀ tó lè kó ìyàwó, ọmọ àti àpò gàrí, òun lọ ra ọkọ̀ eléré tí kò gbà ju èmi àti òun lọ. Bí àwọn ará àdúgbò bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èmi náà bínú díẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé mi lọ sétí òkun ni ìbínú náà tán.

Ọkọ̀ àlòkù kì í wọlé kó má mú àrùn tirẹ̀ dání. Èyí kò ní àìsàn ńlá. Wẹ́wẹ́ ni tirẹ̀, wẹ́wẹ́ náà kì í sì í tán. Bí a bá kó sí kòtò, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi á já wọ inú ilẹ̀kùn lọ. Iná iwájú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń yọjú láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí a bá tàn án. Ti ọ̀tún á jí, ti òsì á máa sùn. Bí ọkọ mi bá sì ti yà sọ́tùn-ún, fèrè á dún fúnra rẹ̀, àwọn tó jókòó síwájú ilé wọn á nawọ́ sókè, wọ́n rò pé ó ń kí wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọmọlúàbí ní gbogbo àdúgbò tó ń yà sí lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn tọwọ́ òsì ní agbéraga ni.

Láàárọ̀ Sátidé, a ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ọkọ mi á wọ abẹ́ ọkọ̀, èmi á máa na sípánà sí i. Tíṣà ni mí, n kì í tètè gbàgbé orúkọ nǹkan, kò pẹ́ tí mo fi mọ èyí tó fẹ́ kó tó bèèrè. Tí a bá rí ọ̀kan tún ṣe, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn nígbà náà, n kò sì mọ̀ pé ìdùnnú ni. Mo rò pé iṣẹ́ Sátidé ni.

Òun náà ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, lójú ọ̀nà oníyanrìn tó lọ sí etí òkun. Ká tó bẹ̀rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á tẹ irin kan lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, á fà á síwájú títí ẹsẹ̀ mi á fi kan kílọ́ọ̀ṣì. "Ẹsẹ̀ adìyẹ," á ní, "o ò kúkú jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, kí n máa bá ọ tẹ̀ ẹ́." Tí a bá parí, á ti ìjókòó náà padà sẹ́yìn dé òpin, nítorí ó ga, orúnkún rẹ̀ á máa kọ lu ọwọ́ ìdarí ọkọ̀.

Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa nínú ọgbà kan náà ní Àgbádárìgì. Ọmọ Ègùn láti Apa ni wọ́n, òróró àgbọn ni wọ́n ń ṣe tà. Ní ọ̀dọ̀ wa létí omi, ohun tó bá ti jẹ́ irin, òróró àgbọn la fi ń pa á: àdá, ọkọ́, ìdè ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìránṣọ. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ sì ń jẹ irin; òróró ni kì í jẹ́ kó rí i jẹ. Lójú Ìyá, ọkọ̀ ọmọ wọn kò yàtọ̀ sí àdá, ó kàn tóbi ni. Ọkọ mi á máa bẹ̀ wọ́n pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòróró pa ọkọ̀ mi mọ́." Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tó bá jáde tán, wọ́n á wá àkísà.

Nígbà tó yá, owó epo fà sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ náà kó ẹrù, wọ́n lọ. Ọkọ mi wáṣẹ́ títí, ó sú u, òun àti àwọn kan wá pinnu pé Gàbọ́ọ̀nù làwọn ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ, ó fi ọkọ̀ náà gbé mi yí ìlú ká. Ó gbé e wọ abẹ́ páànù, ó fọ̀ ọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Máa tan án ní Sátidé kí bátìrì má kú," ó ní. "Má tà á o. Tí mo bá dé, òun ni n ó fi gbé ọ lọ sí Kútọnu."

Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ sọ pé ara rẹ̀ le, pé ó ń ríṣẹ́ ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó rí ẹni tó rí i là ń rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan mọ́.

Mo ń tan ọkọ̀ náà. Etí ìjókòó ni mo máa ń fìdí kọ́, ẹsẹ̀ mi kò dé ibì kankan. Mo fẹ́ kó dé bá a ní pípé, mo bá pe mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ó gbé gíláàsì dúró, ó jí ojú òsì tó ń sùn. Fèrè nìkan ni mo ní kó fi sílẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Aradagun. Ọkọ̀ èrò ṣọ̀wọ́n láàárọ̀, mo sì ti ń pẹ́ dé lemọ́lemọ́. Mo pinnu pé n ó máa wa ọkọ̀ náà lọ. Mẹkáníìkì wá, ó tẹ irin abẹ́ ìjókòó, ó fà á, kò mira. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà, kí lẹ dà síbí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ojú irin tí ìjókòó ń gbà sún ti kún fún òróró àgbọn tó ti mu iyanrìn, ó ti dì gbagidi. Kí n tó dáhùn, Ìyá ti dé pẹ̀lú ìgò òróró lọ́wọ́ wọn.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Irin ibẹ̀ ló ń tàn jù, mo ní ibẹ̀ ni iyọ̀ máa kọ́kọ́ jẹ. Tíyàwó bá ti lọ sọ́jà, mo máa ń pa á. N ò fẹ́ kó dípẹtà kí ọmọ mi tó dé."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní kẹrosíìnì àti òòlù kékeré máa tú u. Mo ní kó má tú u. Mo kó tìmùtìmù jọ sẹ́yìn mi, mo tan ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi kan kílọ́ọ̀ṣì ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ọkọ̀ fò sókè, díẹ̀ ló kù kó gba ìkòkò tí Ìyá fi ń se òróró.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n tú u," mẹkáníìkì ní. "Ẹni tó bá ń fi irú èyí lọ sí Aradagun, kò ní í débẹ̀."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjókòó yẹn wà ni ibi tí ọkọ mi fi í sí. Aṣọ rẹ̀ kò ní òórùn rẹ̀ mọ́, mo ti fọ̀ wọ́n tí mo tún sá wọn títí. Nínú gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, ìjókòó yìí nìkan ló ṣì mọ bí ó ṣe ga tó. Mo sọ ọ́ jáde létí àwọn méjèèjì pé tí a bá fi lè sún un, a ti gbà nìyẹn pé kò bọ̀ mọ́. Mẹkáníìkì dorí kodò, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Ìyá gbé ìgò wọn sílẹ̀. "Ovi ṣié," wọ́n ní, bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ ẹni. "Ẹni tó ń sunkún náà ń ríran. Jẹ́ kó fà á síwájú. Tí Máwù Ọlọ́run bá mú ọkọ rẹ dé, òun fúnra ẹ̀ á tì í padà. Ṣé kò lọ́wọ́ ni?"

Mo kó tìmùtìmù náà sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì da kẹrosíìnì sí i, ó rọra ń kàn án lóòlù, ìjókòó náà ké, ó sì sún. Ìyá ti kọjú sí ọ̀sà.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ọkọ̀ jáde. Ní ibi tí mo ti yà sọ́tùn-ún, fèrè dún. Bàbá àgbàlagbà kan dìde lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ni, ó rọra jókòó padà. Mo sunkún dé ilé ẹ̀kọ́.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti dé lọ́sàn-án, n kì í wọlé láìti ìjókòó padà dé òpin, sí ibi ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ó ti wá ń sún wẹ́rẹ́. Ìyá á máa wò mí láti ìdí ìkòkò.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń rò ó pé kí ló dé tó fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé lánàá, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, mo wọlé lọ, n kò ti nǹkan kan sẹ́yìn. Mo jẹun, mo sùn, mo jí, n kò sì rántí rẹ̀ rárá. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí ọkọ mi lọ.

"Ṣé kò tan ni?" Ìyá bèèrè láti ẹnu ọ̀nà wọn.

"Ó ń tan, Ìyá."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ìjókòó náà sẹ́yìn títí ó fi dún ní òpin rẹ̀, mo sì dúró tì í díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo tún fà á síwájú, mo wọ inú ọkọ̀, mo sì gba ibi iṣẹ́ mi lọ.