Aràn Ọ̀bọ àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyàwó Mi

Ọgbà ẹranko kan wà láàárín Mowe àti Ìbafo nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù. Mo pè é ní ọgbà ẹranko nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára géètì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìjàpá mélòó kan, ẹtu méjì, ọ̀nì kan tó máa ń sùn títí àwọn èrò ìwòran á fi máa béèrè bóyá igi ni, àti ọ̀bọ kan. Èmi ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo rántí orúkọ bàbá wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n n ò ní dárúkọ ẹnì kankan, torí àwọn ọmọ wọn ṣì ń kí mi lójú títì. Ọ̀bọ náà lórúkọ. N ò ní dá tirẹ̀ náà. Òun náà ní ìtìjú.

Asese ni ìyàwó mi ti ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, á gbé igbá wá sẹ́nu géètì wa kí àwọn èrò lè rà fún ọ̀bọ. Èyí tó bá ti rọ̀ jù, á mú un lọ sídìí kéèjì, ilé onírin tí ọ̀bọ ń gbé, á fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀bọ náà á kọ́kọ́ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, kó tó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìyàwó mi á ní, "Ọkọ mi kejì nìyí. Eléyìí kì í béèrè ọbẹ̀."

Ìgbà tó yá, ikùn ọ̀bọ wú, ara rẹ̀ gbẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ di omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí aràn funfun nínú ìgbẹ́ náà, ó ń yí kiri bí onílé. Mo sọ fún ọ̀gá wa tó ni ọgbà. Ọ̀gá pe ìpàdé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sábẹ́ igi furúùtù: òun, èmi, àti mégáàdì wa, ọmọ Ifọ̀.

"Kí ló ń fa aràn?" ọ̀gá béèrè.

"Nǹkan dídùn ni, sà," ni mégáàdì wí. "Ìyá mi ò jẹ́ ká lá ṣúgà rí. Ewúro la fi dàgbà."

Ọ̀gá mi orí. Èmi náà mi tèmi, torí bẹ́ẹ̀ ni ìyá tèmi náà ṣe wí. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe aràn kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá fòfin de ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ. Ó ní ká máa fún ọ̀bọ ní omi ewúro láràárọ̀, ká fi dóńgóyárò lé e. Ó sì ní kí ìyàwó mi gbé igbá rẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló kó aràn wá.

Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá dáadáa kó tó fèsì. "Ẹ má bínú o, sà. Tó bá jẹ́ dídùn ló ń fa aràn, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣúgà àti mílíìkì mu kókó láràárọ̀, ṣé ẹ ti yẹ ara yín wò?"

"Gbé igbá ẹ kúrò níbí!"

"Mo ti gbé e, sà. Aràn á tẹ̀ lé mi, ẹ máa wò ó."

Aràn ò tẹ̀ lé e. Ó jókòó, ó bá ọ̀bọ mu ewúro. Ọ̀bọ ń rù sí i. Mégáàdì á dì í mú, èmi á da ewúro sí i lẹ́nu, títí tó fi di pé tó bá ti rí ọwọ́ èèyàn, á sá wọ kọ̀rọ̀. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, ọ̀gá rí i pé bí ọ̀bọ bá kú, ọ̀nì nìkan làwọn ọmọdé máa wá wò. Ló bá ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko láti Owódé Ẹ̀gbá. Obìnrin ni, kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ibo lẹ ń da oúnjẹ rẹ̀ sí?"

A nawọ́ sí ilẹ̀.

"Ibo ló ń yàgbẹ́ sí?"

A tún nawọ́ síbẹ̀ náà.

Ó bu ìgbẹ́ náà, ó fi ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá wò ó. "Ẹyin aràn ló kún inú ẹ̀. Ó ń yàgbẹ́ ẹyin sílẹ̀, ẹ̀yin ń da oúnjẹ lé e lórí, ó tún ń kó o jẹ. Ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ sínú abọ́, ẹ gbé e kọ́ sókè, ẹ máa gbálẹ̀ ibí láràárọ̀. Ẹ fi oògùn yìí sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un."

"Sínú kí ni?" ni ọ̀gá wí.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀, sà. Èyí tó dùn dáadáa."

Mo na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọ̀bọ, ó kọjú sógiri. Mégáàdì nà án, ó wa eyín sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ nà án, ọ̀bọ gbà á, ó sì sọ ọ́ lu fìlà ọ̀gá. Kò sí ọwọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ nínú gbogbo wa. Dókítà ní bí oògùn náà ò bá wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ò ṣèlérí ọ̀la.

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ìyàwó ẹ dà?"

"Ibi tí ẹ lé e lọ náà ló wà, sà."

A wọ jíìpù lọ sí Asese. Àárín àwọn mẹkáníìkì tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà la ti bá a. Ọ̀gá ṣí fìlà. "Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ẹ kú ọjà o."

"Háà, ọ̀gá! Ẹ má sún mọ́ igbá yìí o, aràn wà níbẹ̀!"

Àwọn mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀bọ ń kú lọ." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyàwó mi. Ó ṣa èyí tó pọ́n jù, ó so ìró rẹ̀ le, ó wọ mọ́tò.

Nígbà tó dé ìdí kéèjì, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ki oògùn bọ ìdí rẹ̀, ó gé orí rẹ̀ jẹ lójú ọ̀bọ, ó sì na ìyókù sí i. Ọ̀bọ wọ́ ara rẹ̀ wá. Ó gbóòórùn ọwọ́ náà pẹ́. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ọ̀nì gan-an lajú.

Aràn jáde, ikùn fà, ọ̀bọ padà sórí igi inú kéèjì rẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn àlejò pé òun lòun ronú kan gbígbé abọ́ sókè. Ó gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu géètì fún ìyàwó mi. Títí mégáàdì fi kúrò, ó ń sọ pé ewúro ló kọ́kọ́ rọ aràn lágbára.

Ìyàwó mi ṣaláìsí kó tó di pé wọ́n sọ ọgbà náà di ilé epo. Nígbà tí àwọn àna mi tó wá sìnkú ti lọ tán, mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì nínú igbá rẹ̀, mo lọ sídìí kéèjì. Mo gé orí ọ̀kan jẹ, mo nà án sí i. Ọ̀bọ wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi lọ sí apá géètì, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Mo ní, "Ọkọ ìyàwó mi, kò ní wá mọ́ o."

Ó jẹ tirẹ̀. Mo bó ìkejì, èyí tó jẹ́ tèmi. Mo fún un.