Ọjọ́ tí Mo Tú Jìtá Daddy

Òórùn kánfọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Bí Daddy bá ti ṣí àpótí jìtá oníná rẹ̀ ní pálọ̀, òórùn kánfọ̀ àti igi àtijọ́ á gba gbogbo ilé, á bo ti àkàrà tí Mummy ń dín lẹ́yìnkùlé mọ́lẹ̀. Mummy máa ń sọ pé kò sí aṣọ òun kan tó rí kánfọ̀ tó jìtá yẹn.

Tíṣà ni Daddy, òun ló sì ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Ọ̀fà. Ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ra jìtá náà n'Íbàdàn, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó sọ fún un pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé láti òkè òkun, pé ó ti dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ. Àlejò kì í mu omi tán nílé wa kó tó gbọ́ ọjọ́ orí jìtá.

Ìgbéraga yẹn ló sọ Daddy di ọ̀mọ̀wé jìtá àtijọ́. Ó kàwé, ó tú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò, ó sì kọ́ èmi ọmọbìnrin rẹ̀ tí mi ò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Tirẹ̀ nìkan ni kò tú rí. Ó ní ta ló ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ìwé ẹ̀rí?

"Má wo orúkọ tí wọ́n kọ sí i lórí," ló máa ń wí. "Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ." Ó kọ́ mi pé aṣọ ni wọ́n fi ń wé wáyà inú jìtá àtijọ́, kì í ṣe rọ́bà. Ó kọ́ mi pé abẹ́ ike pẹlẹbẹ tó bo àyà rẹ̀ máa ń dán ju ìyókù lọ, nítorí oòrùn kò débẹ̀, àti pé òkè níbi tí apá ẹni tó ń ta á ń sinmi lé ni ọ̀dà ti máa ń kọ́kọ́ bó. Tó bá kan ọrùn, níbi tí àwọn tó ṣe é máa ń kọ ọjọ́ sí, á pòwe: "Ẹni tó bá ní òun ó dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kó o wò." Títí mo fi wọlé girama, mo rò pé torí jìtá ni wọ́n ṣe pa òwe yẹn.

Alhaji Làmídì, ọ̀rẹ́ Daddy ní Ìjàgbo, náà ní jìtá tirẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tó kun géètì ló fi kùn ún. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n jìtá ni àwọn méjèèjì fi ń jà: èwo ló dàgbà jù?

Sátidé kan, Alhaji gun ọ̀kadà dé, ó há jìtá sí abíyá bí ẹni gbé ewúrẹ́. "Tíṣà," ó ní, "ọmọ tí ẹ kọ́ yìí ni kó dájọ́ wa lónìí." Inú Daddy dùn. Ó na sikurudiráfà sí mi.

Ti Alhaji ni mo kọ́kọ́ tú. Aṣọ ló wé wáyà rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ọrùn, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é síbẹ̀, ọjọ́ tí wọn ò tíì bí Alhaji fúnra rẹ̀. Daddy gbé awò ojú wọ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó lè jẹ́ àná ni wọ́n kọ ọ́," ó ní. "Tú tèmi."

Rọ́bà pupa àti yẹ́lò ló wà nínú tirẹ̀. Abẹ́ ike kò dán ju ìyókù lọ. Mo yẹ ibi tí ọ̀dà ti bó wò.

"Daddy, ìsàlẹ̀ ló ti bó. Apá kì í débẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ pé orúnkún ni wọ́n fi ń ta á."

Mo ń retí kí wọ́n yìn mí. Alhaji gbójú sókè àjà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mummy gbé àkàrà wọlé, ó rí ojú Daddy, ó padà síta.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìsọkúsọ yìí?" Daddy bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà."

Fìlà Alhaji jábọ́. Láti ẹ̀yìnkùlé, a gbọ́ ẹ̀rín Mummy.

Lọ́jọ́ kejì, Daddy fi jìtá sílé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ akọrin kọrin bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Mo sunkún ní ìjókòó mi, mo gbà pé mo ti pa jìtá Daddy.

Alhaji ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó gbé jìtá tirẹ̀ wá, ó ní kí Daddy máa mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò lè gbé géètì lọ sílé Ọlọ́run," Daddy dáhùn. Ni òun fúnra rẹ̀ bá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé tirẹ̀ jáde, àwọn méjèèjì sì ta jìtá títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí Alhaji lọ, Daddy pè mí. "Ohun tí mo kọ́ ẹ lo ṣe," ó ní. "Àmọ́ nígbà mìíràn, jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ lọ ná."

Iṣẹ́ jìtá títún ṣe ni mo fi ń jẹun báyìí, ní Ìlọrin. Láìpẹ́ yìí, bàbá àgbàlagbà kan gbé ọ̀kan wá, ó ní kí n tú u, kí n sọ bóyá ojúlówó ni. Èmi kékeré ì bá ti dá bàbá lóhùn kó tó jókòó, nítorí ó hàn láti òde pé kì í ṣe ojúlówó. Mo bi í pé ta ló máa ń ta á tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú fún bíi wákàtí kan. Nígbà tó parí, ó ní kí n má wulẹ̀ tú u mọ́, kí n ṣáà bá òun pààrọ̀ okùn rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa, sà." Mo pààrọ̀ okùn.