Àpò Méjì Dókítà Pruitt

Nígbà ayé Dókítà Pruitt, tó tún jẹ́ oníwàásù, gbogbo ará òkè Kentucky ló mọ àpò méjì ẹ̀yìn ẹṣin rẹ̀: oògùn wà nínú ọ̀kan, Bíbélì wà nínú èkejì. Èyí tó bá kọ́kọ́ ṣí ni aláìsàn fi ń mọ̀ bóyá òun á yè.

Lọ́jọ́ tí ibà dá Keturah dùbúlẹ̀, ti Bíbélì mà ló ṣí!

Keturah bú sẹ́kún. “Lavinia àbúrò mi, máa mú màlúù mi lọ.”

“Tòun tọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?”

“Màmá, ẹ fara balẹ̀,” ni dókítà wí. “Àpò oògùn ló ya, ni mo ṣe kó oògùn pọ̀ mọ́ Bíbélì.”

Keturah gbé oògùn kíkorò náà mì, ara tù ú díẹ̀. Àfi bí dókítà ṣe kúnlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà! Orí Keturah dàrú pátápátá: ṣé kó gba màlúù rẹ̀ padà ni, àbí kó fi sílẹ̀?