Fìtílà Tí A Fi Pamọ́ sí Rayfield

Òǹtẹ̀ ni mo ń ṣe jẹun. Bí o bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ali Kazaure nílùú Jos, wàá bá mi láàárín ẹ̀rọ àti rọ́bà, tí mò ń ṣe òǹtẹ̀ fún lọ́yà, fún ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta tòmátì. Bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe oníṣẹ́ òǹtẹ̀. Tíṣà ni wọ́n. Láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé wọn wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira, wọn ò sì padà mọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ni, wọ́n gé ìsàlẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, wọ́n fi bíléèdì gbẹ́ fìtílà sí i, fìtílà elépo kan tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ báyìí. Ọmọ tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí àṣìṣe kankan ni wọ́n ń tẹ fìtílà fún. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó gbìyànjú o. Èmi ọmọ wọn, tí mo jókòó sí kíláàsì wọn fún odidi ọdún kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà á.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Èkìtì pè, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dáadáa mọ́, òtútù Jos ń yọ wọ́n lẹ́nu, òun ń bọ̀ wá gbé wọn kí Kérésì tó dé. Mo bá a jà lórí fóònù títí ohùn mi fi há. Bàbá jókòó sínú oòrùn ní àgbàlá wa ní Naraguta, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí nígbà tí mo parí. “Òótọ́ ló ń sọ. Màá lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ọgọ́ta ọdún ni mo lò níbí. Bí mo bá ti jáde báyìí, ó parí náà nìyẹn. Kò sí ibi kan tí èèyàn máa wò, tó máa sọ pé ọkùnrin yìí gbé ìlú yìí rí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ sọ pé èmi ńkọ́, ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Mo wọlé lọ gbé omi kaná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì wá ṣe òǹtẹ̀ lékeléke lọ́dọ̀ mi. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi lékeléke ṣe. Ó ní eré kan ni àwọn ń ṣe. Ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síta, ìwé kan àti òǹtẹ̀ kan á wà nínú rẹ̀. Á wá kọ bí wọ́n ṣe máa dé ibẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá rí àpótí náà á tẹ òǹtẹ̀ inú rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀, á tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sínú ìwé inú àpótí, á sì dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti bá a.

“Kí ni wọ́n wá fún yín?” mo bi í.

“Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Kí a ṣáà ti rí i ni.”

Ṣíọ̀! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ yín ni. Ó ní àwọn tó ń ṣe é ní Jos ò ju márùn-ún lọ. Nígbà tó gba lékeléke rẹ̀ tó lọ, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Fìtílà Bàbá ló ń yọ sí mi lójú.

Òǹtẹ̀ àtijọ́ ti bá ilé wa àkọ́kọ́ lọ nígbà ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nílùú, nígbà tí a sá jáde pẹ̀lú aṣọ ọrùn wa nìkan. Mo fi ẹ̀rọ ṣe òmíràn. Ó dán, ó gún régé. Mo gbé e wá sílé, mo ṣàlàyé eré náà fún Bàbá, mo ní kí a fi pamọ́ síbì kan kí àwọn èèyàn máa rí i. Wọ́n yí òǹtẹ̀ náà sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀rọ ló ṣe é. Lọ wá sílípáàsì fún mi.”

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mo di rọ́bà mú, àwọn ni wọ́n ń fa bíléèdì. Apá òsì ni wọ́n gbẹ́ ọwọ́ fìtílà náà sí, kó lè bọ́ sí apá ọ̀tún bí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wọ́n gé mi lọ́mọ ìka lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ní pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n yéé mira. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ wò, ẹnu fìtílà náà wọ́ díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí ti àtijọ́ ṣe wọ́. Omi bọ́ lójú mi, mo ní ẹ̀fọn ló kó sí mi lójú.

Mo wá ike onídèrí tí a fi ń gbé oúnjẹ, mo fi òǹtẹ̀ sí i, mo fi yíǹkì sí i pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé tuntun. Bàbá tẹ fìtílà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní Hausa pé ẹni tó bá dé ibí ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn. Wọ́n ní tíṣà kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé ọmọ.

Ní Sátidé kan, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró pátápátá, mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Rayfield, sẹ́bàá ọ̀kan nínú àwọn adágún tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti tẹ́ páìpù sínú omi náà, wọ́n ń bomi rin kábéèjì. Láyé ọjọ́un, Bàbá máa ń kó ọmọ kíláàsì wọn wá síbẹ̀ láti wá ka ẹyẹ. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka.

“Àpáta tó rí bí ìjókòó yẹn. Wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò kan wà níbẹ̀.”

Ihò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti fi ọ̀rá dúdú wé ike náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi tépù yí i po títí kò fi sí ibi tí omi lè gbà wọlé. Mo tì í sínú ihò, mo fi òkúta méjì dí i. Ẹ gbà mí o! Èmi tí wọ́n bí sí Jos, èmi tí mo ti sá àsálà nílùú yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo di ẹrù dúdú, mo gbé e pamọ́ sábẹ́ àpáta, mo sì ń yọ̀ pé iṣẹ́ mi mọ́. Ohun tí ẹni tó bá rí i máa rò kò tiẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Bàbá pe ọ̀nà náà, èmi kọ ọ́, mo fi síbi tí ọmọbìnrin yẹn fi hàn mí lórí fóònù. “Dúró síbi tí omi ti fẹ̀ jù. Kẹ̀yìn sí ilé onígéètì aláwọ̀ ewé. Ka ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógójì títí wàá fi bá ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò gbẹ́.”

Láti ọjọ́ kejì ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì ní bọ́ bàtà tán lójoojúmọ́ tí Bàbá á ti ní, “Ṣé wọ́n ti rí i?” Mo ní rárá. Wọ́n á ní, “Ó dáa.” Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọmọbìnrin yẹn ti lọ sílé fún ìsinmi, àwọn yòókù ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra táyà tuntun fún ìrìn àjò. Bàbá ò bínú, ìyẹn gan-an ló sì ń pa mí. Wọ́n kàn ń sọ “Ó dáa” pẹ̀lú ohùn tó ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́, títí ó fi di ọjọ́ kan tí wọn ò béèrè mọ́.

Mi ò lè fara dà á. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbẹ́ òǹtẹ̀ ẹja kan. Mo lọ sí Rayfield ní ọ̀sán gangan, mo tú ọ̀rá, mo tẹ ẹja náà sínú ìwé, mo yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Mo rí i. Inú mi dùn.” Mo fi fóònù ya á. Mo tún wé e, mo tún dí ihò. Mo rí àwọn àgbẹ̀ méjì lókèèrè tí wọ́n nàró, tí wọ́n ń wò mí, mo juwọ́ sí wọn.

“Bàbá! Wọ́n ti rí i o!” Láti ẹnu géètì ni mo ti ń pariwo.

Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n wo fọ́tò náà, ó pẹ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó tóbi sí i, mo jẹ́ kó tóbi. Wọ́n wá dá fóònù padà fún mi jẹ́jẹ́.

“Ọwọ́ rẹ nìyí.”

“Bàbá, kì í ṣe...”

“Láti kékeré lo ti máa ń gé ìrù nǹkan jìn jù lápá òsì. Ọwọ́ rẹ ni.” Wọ́n bọ́ awò. “Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò tẹ fìtílà fún ẹni tí kò tọ́ sí rí. Ṣé nígbà tí mò ń lọ lo wá fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀?”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè bẹ̀ wọ́n. Mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ sí Rayfield láti lọ ya ojú ìwé náà dànù. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì máa gbéra. Láti òkèèrè ni mo ti rí èrò. Àwọn àgbẹ̀ dúró lọ́nà jíjìn, fijilánté méjì wà níwájú wọn, ọ̀kan mú igi gígùn lọ́wọ́. Wọ́n ti yọ òkúta méjèèjì kúrò. Ẹrù dúdú mi wà lẹ́nu ihò, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ ní Hausa pé obìnrin kan ló gbé e síbẹ̀ lánàá, pé bọ́ǹbù ni, kí wọ́n pe sójà.

Mo lè yí mọ́tò padà kí n máa lọ. Kò sẹ́ni tó tíì dá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n fìtílà Bàbá ló wà nínú ọ̀rá yẹn. Mo sọ̀kalẹ̀.

“Tèmi ni,” mo wí. “Tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ke! Ba ki da hankali ne?” Fijilánté náà jágbe mọ́ mi pé ṣé orí mi ò pé ni. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi lọ tú u. Gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Mo ya tépù, mo tú ọ̀rá. Mo gbé ìwé náà sókè kí wọ́n rí i, mo ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, mo ń ṣàlàyé, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣépè fún ara mi.

Àgbẹ̀ kan tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ jáde láàárín èrò. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo fìtílà, ó fi ìka tọ́ ọ.

“Malam yana raye?”

Ó ń bi mí bóyá tíṣà ṣì wà láyé. Mo ní wọ́n wà, bàbá mi ni. Ó jókòó sórí àpáta náà. Ó ní kíláàsì kẹrin ni òun wà, ìṣirò ni, ẹ̀ẹ̀kan náà péré ni òun gba fìtílà yẹn. Ìyá òun ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n inú àpótí aṣọ rẹ̀ ló fi ìwé náà sí títí ó fi kú. Mo júwe ilé wa fún un, àwọn fijilánté sì jẹ́ kí n gbé ike náà lọ.

Ó dé Naraguta ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú kábéèjì mẹ́rin nínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi ń di ẹrù sí mọ́tò. Bàbá ti wọ kóòtù, wọ́n jókòó sórí àga ní àgbàlá. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí wọn, “Sannu, Malam.” Mo ṣàlàyé ẹni tó jẹ́. Bàbá ò dá a mọ̀, wọn ò sì díbọ́n pé àwọn dá a mọ̀.

“Ṣé ìwọ lo rí i?” wọ́n bi í ní Hausa.

“Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, Malam. Mo sá.”

“Ẹ̀yìn ìyẹn ńkọ́?”

“Mo padà wá.”

“To,” ni Bàbá wí, ìyẹn ni pé ó dáa.

Mo gbé ike náà wá. Bàbá ní kí n fún àwọn ní bírò pupa. Wọ́n ṣí ojú ìwé ẹja, wọ́n fa ìlà méjì gbàgàdà kọjá lórí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń máàkì. Wọn ò wò mí. Ọkùnrin náà kò ní òǹtẹ̀, nítorí náà ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ inú yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Àtàǹpàkò àgbẹ̀ ni, ó fẹ̀, àpá ọkọ́ là á já láàárín. Bàbá gbé ìwé náà sún mọ́ ojú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáná sí mọ́tò, ó ń fọn fèrè, wọn ò gbọ́. Wọ́n mú òǹtẹ̀, wọ́n fi ẹnu mí sí i kí yíǹkì lè mú dáadáa, wọ́n tẹ fìtílà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò náà. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti parọ́ fún wọn.

“Èyí,” ni wọ́n wí, “kì í ṣe ọwọ́ rẹ.”